Táyà A/T fún Píkọ̀ọ̀pù ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́: Bí A Ṣe Ń Yàn Án àti Iye Atẹ́gùn Tó Yẹ Ká Fẹ́ Sí I

Píkọ̀ọ̀pù tó ń kó ẹ̀gẹ́ láti Ìkòyí-Ilé wọ Ògbómọ̀ṣọ́ máa ń gba ọ̀nà mẹ́ta láàárín òwúrọ̀ kan: ipa oko, yangí, àti títì ọlọ́dà. Nígbà tó ń lọ, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo. Nígbà tó ń bọ̀, ó lè gbé tó 800 kílò. Táyà kan náà ló fi ń rìn ín, lọ́pọ̀ ìgbà ló sì jẹ́ pé atẹ́gùn tí wọ́n fẹ́ sí i lọ́sẹ̀ tó kọjá ló ṣì wà nínú rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Táyà olówó gọbọi kò ní pẹ́ bí atẹ́gùn inú rẹ̀ kò bá bá ẹrù mu. Táyà tí kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ tí olówó rẹ̀ ń tọ́jú atẹ́gùn rẹ̀, á pẹ́ jù ú lọ. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká yan táyà dáadáa, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ atẹ́gùn la máa pẹ́ lé lórí jù.

Ṣé A/T ló yẹ ọkọ̀ yín?

Oríṣi mẹ́ta ni wọ́n ń tà fún píkọ̀ọ̀pù. H/T ni ti títì: ilà ojú rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, kì í pariwo, ó sì máa ń dúró dáadáa tí ẹ bá tẹ bíréèkì nínú òjò. M/T ni ti ẹrọ̀fọ̀: eyín rẹ̀ tóbi, àlàfo àárín eyín rẹ̀ fẹ̀ kí ẹrẹ̀ lè máa fò jáde, ṣùgbọ́n ó ń hó lórí ọ̀dà, ó ń jẹ epo, ó sì ń yọ̀ tí ọ̀dà bá tutù. A/T wà láàárín àwọn méjèèjì. Eyín rẹ̀ nípọn tó láti gba òkúta, àlàfo rẹ̀ fẹ̀ tó fún ẹrẹ̀ díẹ̀, ó sì ṣeé fi sáré lórí ọ̀dà láìsí ìyọnu.

Tó bá jẹ́ Tákíé ní Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ìbàdàn ni ọkọ̀ yín ń lọ tó ń bọ̀, tí kì í yà sí oko rárá, H/T ni kẹ́ ẹ rà. A/T á jẹ epo jù ú lọ díẹ̀, á máa hó sí yín létí, ọkọ̀ á sì rìn síwájú díẹ̀ sí i kó tó dúró lórí ọ̀dà tó tutù. Bákan náà ni ẹni tó ra M/T tẹ́lẹ̀ nítorí ọ̀nà Ìsẹ́yìn sí Ògbómọ̀ṣọ́: ìjọba ìpínlẹ̀ ti da ọ̀dà sí ọ̀nà yẹn, M/T kò wúlò níbẹ̀ mọ́. Àmọ́ tí ọkọ̀ yín bá ń wọ oko ní apá Orí Ire, Sùúrùlérè tàbí Ògo Olúwa, tàbí tó ń lọ sí Sẹ̀pẹ̀tẹ̀rí àti Ìgbòho tó sì ń yà sínú ìgbẹ́ níbẹ̀, A/T ló bá a mu. Ìwọ̀n tí a máa ń lò rọrùn: bí kìlómítà mẹ́ta nínú mẹ́wàá tí ọkọ̀ ń rìn bá jẹ́ yangí tàbí ipa oko, ẹ ra A/T. M/T ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn tó ń fa gẹdú àti àwọn tó ń wọ àkùrọ̀ nígbà òjò.

Ohun kan tún wà tó ń mú ká gba àwọn kan tí kì í kúrò lórí títì pàápàá nímọ̀ràn pé kí wọ́n ra A/T, ìyẹn ni ẹ̀gbẹ́ táyà. Ní ọ̀nà àtijọ́ láti Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, etí ọ̀dà ti ya kúrò níbi púpọ̀, ó dà bí ẹnu àkísà, ilẹ̀ ẹ̀bá ọ̀nà sì ti jìn sísàlẹ̀. Tí tírélà bá ń bọ̀ tó gba ọ̀nà mọ́ yín lọ́wọ́, táyà apá ọ̀tún á bọ́ sílẹ̀, nígbà tí ẹ bá sì ń yí i padà sókè, etí ọ̀dà yẹn á máa ha ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àwọn A/T kan wà tó ní awẹ́ mẹ́ta ní ẹ̀gbẹ́ (awẹ́ ni ìpele okùn inú táyà, tí wọ́n ń pè ní “ply”), H/T sábà máa ń ní méjì tàbí ẹyọ kan. Wọ́n máa ń kọ ọ́ sára táyà, lábẹ́ ibi tí wọ́n kọ “sidewall” sí. Ẹ kà á kẹ́ ẹ tó sanwó.

Ohun tí wọ́n kọ sára táyà

Ẹ mú 265/65R17 112S, tó wọ́pọ̀ lára Hilux. 265 ni fífẹ̀ táyà ní mìlímítà. 65 ni gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún 265, ìyẹn mìlímítà 172. R ni pé wáyà inú rẹ̀ gba ìdábùú láti etí kan dé èkejì. 17 ni ìwọ̀n ríìmù ní íǹṣì. Tí ẹ bá ṣírò rẹ̀ pọ̀, táyà náà ga tó mìlímítà 776 láti ilẹ̀ dé orí.

Ìṣirò yẹn ṣe pàtàkì fún ẹni tó fẹ́ kí ọkọ̀ rẹ̀ ga sí i. 265/70R17 wọ ríìmù kan náà, ó sì ga tó mìlímítà 803, ó fi nǹkan bí ìdá mẹ́ta àbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún ju ti tẹ́lẹ̀. Tí aago ọkọ̀ bá kà 100, ẹ̀ ń sá 103. Ọkọ̀ á gbéra díẹ̀díẹ̀, epo á pọ̀ sí i díẹ̀. Ìyẹn ṣì ṣeé fara dà. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, táyà á bẹ̀rẹ̀ sí í kan mọ́gáàdì tàbí rọ́bà inú rẹ̀ nígbà tí ẹ bá yí sítíárìn dé òpin, pàápàá tí ọkọ̀ bá rì sínú kòtò nígbà tó ń yí. Kẹ́ ẹ tó gbà, ẹ ní kí wọ́n de ẹyọ kan sí iwájú, kẹ́ ẹ yí sítíárìn sọ́tùn-ún dé òpin, kẹ́ ẹ yí i sósì dé òpin, kẹ́ ẹ sì fi ọwọ́ wo àlàfo tó kù lẹ́yìn táyà. Tí ìka méjì kò bá wọ ibẹ̀, kò gbà á.

112 ni agbára ẹrù. Kì í ṣe 112 kílò o: nọ́ńbà àtẹ ni. 110 túmọ̀ sí 1,060 kílò fún táyà kan, 112 jẹ́ 1,120, 115 jẹ́ 1,215, 121 jẹ́ 1,450. Ẹ má ṣe ra táyà tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré sí èyí tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ kọ sára fírémù ilẹ̀kùn. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ní ọjà nìyẹn: ìwọ̀n táyà bá a mu, ojú rẹ̀ dára, iye rẹ̀ rọjú, ṣùgbọ́n jíìpù kékeré ni wọ́n ṣe é fún, kò lè gbé ẹ̀gẹ́. Lẹ́tà tó tẹ̀ lé e ni eré: Q jẹ́ 160 kìlómítà ní wákàtí kan, R jẹ́ 170, S jẹ́ 180, T jẹ́ 190. Kò sí èyí tó kéré jù nínú wọn fún ọ̀nà wa.

Tí ẹ bá rí LT níwájú nọ́ńbà, tàbí nọ́ńbà ẹrù méjì bíi 121/118, táyà akẹ́rù nìyẹn. Awẹ́ inú rẹ̀ nípọn, ó sì gba atẹ́gùn púpọ̀. Wọ́n á kọ C, D tàbí E sí i lára. C lè gbà tó psi 50 (psi ni ìwọ̀n agbára atẹ́gùn inú táyà), D tó 65, E tó 80. Ẹni tó ń fi ọkọ̀ rẹ̀ kó sìmẹ́ǹtì, òkúta tàbí igi lójoojúmọ́ nílò LT. Ẹni tó ń gbé ẹrù lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ kò nílò E, torí tí ẹ̀yìn ọkọ̀ bá ṣófo, E á máa ta ọkọ̀ sókè lórí gálọ́ọ̀pù, ẹ̀yìn á máa fò sẹ́gbẹ̀ẹ́, ṣọ́ọ̀kì á sì tètè kú.

Ọjọ́ orí táyà

Michelin ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ pa ní Port Harcourt ní 2007. Dunlop náà dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró ní Ìkẹjà ní 2008. Láti ìgbà náà wá, òkè òkun ni púpọ̀ jù lọ nínú táyà tó wà ní ọjà ti ń wá, ó sì lè ti pẹ́ nínú kọ̀ntéínà àti nínú ṣọ́ọ̀bù kó tó dé Ògbómọ̀ṣọ́. Ìdí nìyí tí ẹ fi gbọ́dọ̀ wo ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ DOT sí, kẹ́ ẹ tẹ̀ lé lẹ́tà àti nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e títí ẹ ó fi dé nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn. 1423 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá ọdún 2023. Ẹ̀gbẹ́ kan péré ni wọ́n sábà máa ń kọ nọ́ńbà mẹ́rin yẹn sí, nítorí náà tí ẹ kò bá rí i, ẹ yí táyà padà, kẹ́ ẹ wo ẹ̀gbẹ́ kejì. Tó bá ti wà lára ọkọ̀, ẹ lè ní láti wọ abẹ́ ọkọ̀ tòun ti tọ́ọ̀ṣì.

Àwọn Road Safety máa ń sọ pé ọdún mẹ́rin ni táyà ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é. Ẹ má ra èyí tó ti lo ju ọdún kan lọ ní ṣọ́ọ̀bù, torí ọdún mẹ́ta ló kù fún yín tí ẹ fi san owó odidi.

Ẹ tún ṣọ́ra fún táyà tí wọ́n ki bọ inú ara wọn. Kí kọ̀ntéínà lè gba púpọ̀, àwọn kan máa ń fi agbára tẹ táyà kékeré wọnú ńlá, nígbà mìíràn mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú ara wọn. Wáyà etí táyà á tẹ̀, awẹ́ ẹ̀gbẹ́ á ya sínú láìhàn síta. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ yí etí táyà ká díẹ̀díẹ̀. Tí ibì kan bá ṣẹ́ bíi pé wọ́n ká a, tàbí tí táyà kò bá yípo dáadáa nígbà tí ẹ bá gbé e kalẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì tó tẹ́, ẹ dá a padà. Táyà bẹ́ẹ̀ lè gba atẹ́gùn, kó rìn fún oṣù kan, kó wá bẹ́ lọ́jọ́ tí ẹrù pọ̀.

Tòkunbọ̀ ńkọ́? Ó wà lára ohun tí Kọ́sítọ́ọ̀mù kò fàyè gbà kó wọ Nàìjíríà, síbẹ̀ ó kún ọjà. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹni tó ń gbé ẹrù má rà á. Bí owó kò bá tó táyà mẹ́rin tuntun, ẹ ra méjì tuntun, kẹ́ ẹ fi sí ẹ̀yìn níbi tí ẹrù wà, kẹ́ ẹ mú èyí tó sàn jù nínú àwọn ti àtijọ́ wá síwájú. Tí ẹ bá sì máa rà á náà, ẹ wo àlàfo àárín eyín rẹ̀: tí isàlẹ̀ àlàfo bá ń dán, tí ojú ọ̀bẹ hàn níbẹ̀, wọ́n ti fi irin gbígbóná la ojú rẹ̀ padà, rọ́bà tó bo wáyà kò sì tó nǹkan mọ́.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ de táyà

Tí ọkọ̀ yín bá ní fọ́ọ̀wíìlì, kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ ìwọ̀n kan náà, irú kan náà, kí jíjẹ wọn sì súnmọ́ra. Táyà tó ga àti èyí tó kúrú kì í yí iye ìgbà kan náà. Tí ẹ bá tì í sí 4H (kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa fa ọkọ̀) lórí ilẹ̀ tó le, jíà inú á máa fa ara wọn, á gbóná, á sì jẹ.

Ẹ ní kí fọkanáísà pààrọ̀ fáàfù pẹ̀lú táyà. Fáàfù rọ́bà kò wọ́n, bẹ́ẹ̀ èyí tó ti gbẹ ló máa ń jẹ́ kí atẹ́gùn máa jò díẹ̀díẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní rí i. Kó fi ọṣẹ olómi pa etí táyà, kó má fi epo pẹtiróòlù tàbí gírísì, torí wọ́n ń jẹ rọ́bà. Lẹ́yìn náà ni bálánsì, kẹ́ ẹ sì lọ ṣe aláínmẹ́ǹtì. Kó má fi ìrìn yí nọ́ọ̀tì ká: èyí tó dojú kọ ara wọn ni kó máa mú, kó dì wọ́n díẹ̀díẹ̀, títí gbogbo wọn á fi le. Lẹ́yìn 50 sí 100 kìlómítà, ẹ tún un dì, pàápàá tó bá jẹ́ ríìmù tuntun.

Atẹ́gùn

Ẹ ṣí ilẹ̀kùn dírẹ́bà, kẹ́ ẹ wo ara fírémù. Ìwé kékeré kan wà níbẹ̀ tó sọ psi iwájú, psi ẹ̀yìn, àti ti ìgbà tí ẹrù bá kún. Ibẹ̀ ni ìpìlẹ̀. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára táyà fúnra rẹ̀ yàtọ̀: òpin ohun tí táyà lè gbà nìyẹn, kì í ṣe iye tó yẹ kẹ́ ẹ fẹ́ sí i. Ọ̀pọ̀ fọkanáísà ló ń da àwọn méjèèjì pọ̀. Wọ́n á rí 51 lára táyà, wọ́n á sì fẹ́ ẹ sún mọ́ ọn kó lè “le dáadáa”. Ojú táyà á yọ ní àárín, àárín nìkan á máa jẹ, ọkọ̀ á sì máa fò lórí gálọ́ọ̀pù. Fún ọ̀pọ̀ píkọ̀ọ̀pù, ìwé yẹn á sọ nǹkan bíi 29 sí 35 nígbà tí kò bá sí ẹrù, ti ẹ̀yìn á sì lọ sókè tí ẹrù bá wà.

Òtútù ni a fi ń wọ̀n ọ́n. Òtútù túmọ̀ sí pé ọkọ̀ ti dúró fún wákàtí mẹ́ta, tàbí kò tíì rìn ju kìlómítà méjì lọ, oòrùn kò sì tíì kan táyà. Tí ẹ bá gbé ọkọ̀ sí ojú oòrùn, táyà tó wà lápá oòrùn lè fi psi méjì tàbí mẹ́ta ju ti apá òjìji lọ láìjẹ́ pé atẹ́gùn rẹ̀ pọ̀ jù. Ẹ má ṣe fín atẹ́gùn kúrò lára táyà gbígbóná nítorí pé géèjì kà ju bó ṣe yẹ lọ. Tó bá tutù, á ti kéré.

Bí ooru bá yí padà ní 5.5 lórí ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, atẹ́gùn táyà á yí padà ní nǹkan bíi psi kan. Nígbà ọyẹ́, òwúrọ̀ lè jẹ́ 19, kó di 34 lọ́sàn-án. Psi mẹ́ta nìyẹn láàárín ọjọ́ kan. Ẹni tó wọ̀n ọ́n ní ọ̀sán oṣù kejìlá tó sì rí 30, 27 ló máa bá a rìn láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ìgbà ọyẹ́ ni kẹ́ ẹ máa wọ̀n ọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ẹ ra géèjì tiyín. Géèjì tó wà lẹ́nu pọ́ǹpù fọkanáísà ti jábọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, eruku ti wọ̀ ọ́, òun nìkan kọ́ ló sì ń lò ó. Ẹ fi tiyín wọ̀n táyà kan, kẹ́ ẹ fi méjì mìíràn wọ̀n ọ́n, kẹ́ ẹ lè mọ̀ bóyá tiyín ń parọ́. Lẹ́yìn náà, iye ni kẹ́ ẹ máa pè fún un, kì í ṣe “fẹ́ ẹ kó le”: “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, iwájú 32, ẹ̀yìn 38, ẹ má jẹ́ kó kọjá bẹ́ẹ̀.” Kẹ́ ẹ fi géèjì yín wọ̀n ọ́n níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó kúrò. Ẹ bi í pẹ̀lú bóyá ó ti yọ omi tó wà ní ìdí tánkì pọ́ǹpù rẹ̀. Omi tó bá bá atẹ́gùn wọ inú táyà ń jẹ ríìmù, ó sì ń jẹ́ kí psi máa lọ sókè sódò tí táyà bá gbóná.

Ní báyìí, ẹrù. Àpò sìmẹ́ǹtì kan jẹ́ 50 kílò, nítorí náà àpò mẹ́rìndínlógún jẹ́ 800. Fún ọ̀pọ̀ píkọ̀ọ̀pù, ẹrù tí wọ́n gbà kó gbé wà láàárín 800 sí 1,000 kílò, àwọn èèyàn inú ọkọ̀ sì wà nínú iye yẹn. Táyà ẹ̀yìn méjèèjì ló ń ru ohun tó pọ̀ jù nínú ẹrù náà. Tí ẹ̀yìn ọkọ̀ bá ti wúwo tó 900 kílò nígbà tó ṣófo, ó ti di nǹkan bí 1,700, ìyẹn 850 fún táyà kan. Táyà 112 tí kì í ṣe LT lè gbé 1,120 kílò tó bá ní psi 36. Tó bá jẹ́ 28 ló wà nínú rẹ̀, agbára rẹ̀ ti dín ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́fà, ó ti kù sí 930. 930 ṣì ju 850 lọ, ẹ lè sọ pé kò burú. Àmọ́ nígbà tí ọkọ̀ bá kó sínú kòtò lórí eré 80, ohun tó ń dé bá táyà ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn pọ̀ ju 850 lọ dáadáa. Pẹ̀lúpẹ̀lù, táyà tó rọ̀ máa ń tẹ̀ tó sì ń nà nígbà gbogbo tó bá ń yí, títẹ̀ yẹn ló ń di ooru, ooru ló sì ń tú awẹ́ kúrò lára wáyà. Bí táyà ṣe ń bẹ́ nìyẹn lórí títì lọ́sàn-án, nígbà tí ẹni tó wà á rò pé ìṣó ni.

Nítorí náà, tí ẹ bá fẹ́ di ẹrù:

1. Láàárọ̀, kí ọkọ̀ tó kúrò nílé, ẹ fẹ́ táyà ẹ̀yìn dé iye tí ìwé ilẹ̀kùn sọ fún ẹrù kíkún. Tí kò bá sọ ọ́, ẹ fi psi 4 sí 6 kún ti òfìfo fún ìdajì ẹrù, 8 sí 10 fún ẹrù kíkún, láìkọjá òpin tó wà lára táyà.
2. Ti iwájú kì í yí padà púpọ̀. Psi kan tàbí méjì tó.
3. Ẹ di ẹrù wíwúwo sún mọ́ ẹ̀yìn ìjókòó, kó má jẹ́ ẹnu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ló máa wà. Ẹrù tó bá gùn kọjá táyà ẹ̀yìn ń gbé iwájú ọkọ̀ sókè, sítíárìn á sì fúyẹ́.
4. Lẹ́yìn tí ẹ bá já ẹrù, tí táyà sì ti tutù, ẹ dín atẹ́gùn kù. Èyí ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣe, ìdí sì nìyẹn tí àárín táyà ẹ̀yìn wọn fi ń jẹ.

LT ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Tí ẹ bá yọ táyà tí ọkọ̀ bá wá, tí ẹ sì fi LT sí i, iye tó wà lára ilẹ̀kùn kò tó mọ́. Fún ẹrù kan náà, LT sábà máa ń nílò psi 5 sí 10 lé e. Ẹni tó fi psi 30 sínú E tó sì gbé ẹrù ń sun táyà rẹ̀ níná.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé iye tí ẹ yàn bá ẹrù mu? Ẹ wọ̀n ọ́n lótùútù, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ wakọ̀ fún nǹkan bí wákàtí kan lórí títì pẹ̀lú ẹrù náà, bóyá láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Ọ̀yọ́, kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n kíá tí ẹ bá dúró. Tó bá ti gòkè ní nǹkan bíi psi 4, ó dára. Fún LT, kó tó 6. Tó bá gòkè jù bẹ́ẹ̀, táyà ń gbóná jù: atẹ́gùn tí ẹ fi jáde nílé kéré, tàbí ẹrù pọ̀ jù. Tó bá jẹ́ psi kan tàbí méjì ló gòkè, ẹ ti fẹ́ ẹ jù. Ọ̀nà yìí ló dájú jù lọ nínú gbogbo ohun tí a kọ síbí, torí táyà yín, ẹrù yín àti ọ̀nà yín ló ń wọ̀n.

Lórí yangí, ẹrẹ̀ àti yanrìn

Táyà tó rọ̀ díẹ̀ máa ń tẹ́ sílẹ̀, ó ń gùn lórí ilẹ̀, ó sì ń di ilẹ̀ mú. Ó tún máa ń gba òkúta mọ́ra dípò kí òkúta gún un. Àwọn iye yìí wà fún ọkọ̀ tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo tàbí tí ẹrù rẹ̀ kéré. Tí títì yín bá jẹ́ 34:

Lórí yangí tó ti di gálọ́ọ̀pù, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ sí 26 tàbí 28, kẹ́ ẹ má sá ju 60 lọ. Nínú ẹrẹ̀, 20 sí 24. Ilẹ̀ wa níhìn-ín sábà máa ń le nísàlẹ̀ ẹrẹ̀, nítorí náà ẹ má tètè sọ ọ́ kalẹ̀ jù, ohun tó yẹ ni kí eyín táyà dé ilẹ̀ líle yẹn. Nínú yanrìn etí odò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, 16 sí 18, kí eré má ju 30 lọ, kẹ́ ẹ má sì yí sítíárìn lójijì. Tó bá ti kéré sí 15, etí táyà lè yọ kúrò lára ríìmù.

Tí ẹrù bá kún, ẹ má dín in ju ìdá kan nínú márùn-ún lọ, kẹ́ ẹ sì rọra rìn. Bí ẹ kò bá lè kọjá ibẹ̀ pẹ̀lú ìyẹn, ẹ já ìdajì ẹrù sílẹ̀, ó sàn ju kẹ́ ẹ ba táyà méjì jẹ́ lọ.

Bí a ṣe ń ṣe é: ẹ dúró níbi tó tẹ́ kẹ́ ẹ tó wọ ẹrẹ̀, kì í ṣe ìgbà tí ọkọ̀ bá ti rì. Ẹ tú ìdérí fáàfù, kẹ́ ẹ fi èékánná tàbí ẹ̀yìn géèjì tẹ irin kékeré inú rẹ̀. Ẹ máa kà láti ení títí dé ọgbọ̀n, kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ ó ti mọ iye psi tí kíkà ọgbọ̀n ń fín dànù. Ẹ fi kíkà yẹn ṣe mẹ́ta tó kù, kẹ́ ẹ sì fi géèjì parí rẹ̀. Ẹ kó ìdérí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú àpò kan, torí yangí tó bá wọ ẹnu fáàfù ló máa ń jẹ́ kó jò lọ́jọ́ kejì.

Tí ẹ bá padà dé ọ̀dà, ẹ fẹ́ ẹ padà kẹ́ ẹ tó sáré. Níbi tí fọkanáísà bá jìn, pọ́ǹpù tó ń lo bátìrì ọkọ̀ ló yẹ kó wà lẹ́yìn ìjókòó. Èyí tí wọ́n ń ki bọ ihò síga kò lágbára tó fún táyà píkọ̀ọ̀pù, ó máa ń jó fíúùsì. Ẹ ra èyí tó ní ẹnu tí wọ́n fi ń gbá orí bátìrì mú, kẹ́ ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ bá ń lò ó.

Bí táyà ṣe ń jẹ

Tí èjìká méjèèjì bá jẹ ju àárín lọ, atẹ́gùn ti ń kéré. Tí àárín bá jẹ, ó ti ń pọ̀ jù. Tí etí kan ṣoṣo bá jẹ, ẹ lọ ṣe aláínmẹ́ǹtì. Tó bá jẹ ní kòtò-kòtò yípo, ẹ wo ṣọ́ọ̀kì àti bálánsì.

Ní gbogbo 8,000 kìlómítà, ẹ pààrọ̀ ipò wọn: ti ẹ̀yìn á lọ síwájú ní apá ibi tó wà, ti iwájú á kọjá sí apá kejì lẹ́yìn. A/T tí kò pààrọ̀ ipò máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í hó bíi pé bíárìn ti bàjẹ́. Tí táyà bá tuntun, ojú rẹ̀ sábà jin tó mìlímítà 10 sí 13. Ìlà kékeré tó ga díẹ̀ nínú àlàfo ni òpin, ní 1.6. Fún yangí nígbà òjò, ẹ má dúró dé ibẹ̀. Tó bá ti ku mìlímítà 4, táyà kò lè lé ẹrẹ̀ dànù mọ́.

Táyà tó jò, àti sípéà

Ìṣó tó gún ojú táyà, tí ihò rẹ̀ kò ju mìlímítà 6 lọ, ṣeé lẹ̀. Okùn rọ́bà tí wọ́n ń fi ọ̀pá ki láti ìta á gbé yín dé ilé, ṣùgbọ́n kí fọkanáísà tú táyà lẹ́yìn náà, kó lẹ̀ ẹ́ láti inú. Ohun tó bá gún èjìká tàbí ẹ̀gbẹ́ kò ṣeé lẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ki túùbù bọ inú táyà tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti ya kẹ́ ẹ wá di ẹrù lé e: túùbù á máa fi ara ha táyà, á gbóná, á sì bẹ́ níbi tó ya yẹn. Tí táyà bá wú bí ẹyin ní ẹ̀gbẹ́, wáyà rẹ̀ ti já, ẹ bọ́ ọ lọ́jọ́ náà.

Sípéà gbọ́dọ̀ jẹ́ ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú àwọn tó wà nílẹ̀, kí atẹ́gùn rẹ̀ sì jẹ́ ti ẹ̀yìn ọkọ̀ pẹ̀lú ẹrù kíkún, torí ó rọrùn láti fín dànù lójú ọ̀nà ju láti fẹ́ kún un lọ. Abẹ́ ọkọ̀ ni sípéà píkọ̀ọ̀pù sábà ń wà, níbi tí ẹrẹ̀ àti yangí ń fọ́n sí. Ẹ máa yí i sọ̀kalẹ̀ nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀ àti nígbà tó bá parí, kẹ́ ẹ fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n, kẹ́ ẹ fi gírísì pa ẹ̀wọ̀n tó gbé e dúró kó má dípẹtà. Kẹ́ ẹ sì wò ó pé ọ̀pá tí wọ́n fi ń yí i sọ̀kalẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn ìjókòó pẹ̀lú jáàkì, àti pákó pẹlẹbẹ kan tí ẹ ó gbé sábẹ́ jáàkì kó má rì sínú ilẹ̀ rírọ̀.